Wèrè kọ́, ẹ̀dọ̀ ni

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹyinjú tó di yẹ́lò, ikùn tó kún fún omi, ẹsẹ̀ tó wú: kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ lè fa ìwọ̀nyẹn. Ìdàrú ọpọlọ tí ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ ń fà ni àwọn ẹbí kì í tètè fura sí, òun ló sì máa ń gbé aláìsàn dé ilé wòlíì kó tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹ̀dọ̀ ló ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀, tó ń yọ amóníà, èròjà olóró kan, kúrò nínú rẹ̀. Bí mẹ́dọ̀wú tàbí ọtí bá ti sọ ẹ̀dọ̀ di líle gbagidi, ẹ̀jẹ̀ á gba ẹ̀bùrú, òun àti amóníà á jọ dé ọpọlọ, orí aláìsàn á sì dàrú. Ẹ̀bùrú yìí kan náà ló ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun wú títí tó fi ń bẹ́.

Oorun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dàrú: aláìsàn á sùn lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀ lóru. Tó bá yá, kò ní lè ṣírò owó ọjà, á máa kanra láìnídìí. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó ká àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró. Bí ọwọ́ bá ń já wálẹ̀ tó tún ń gbéra, ilé ìwòsàn yá. Ẹ má fún un ní Valium pé kó lè sùn o! Ó lè má jí.

Àìyàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú, àti àkóràn inú omi ikùn ló sábà ń dá ìdàrú ọpọlọ yìí sílẹ̀. Àkóràn yìí lè má mú ibà tàbí inú rírun wá rárá, nítorí náà ẹ bèèrè pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi náà yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Lactulose, oògùn olómi tó ń rọ ìgbẹ́, ni oògùn rẹ̀: mílílítà 15 sí 30, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, títí aláìsàn á fi máa yàgbẹ́ rírọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kó má di ìgbẹ́ gbuuru, torí bí omi ara bá gbẹ, orí á tún dàrú sí i. Ẹ má fi ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà dù ú. Àwọn ló ń gbé iṣan ara ró, iṣan ara náà sì ń bá ẹ̀dọ̀ pa amóníà. Iyọ̀ ni kó dín kù, títí kan ti inú Maggi. Ibuprofen àti diclofenac ń ba kíndìnrín irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Bó bá bi ẹ̀jẹ̀, tó yàgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀, tàbí tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì kan,
Ìbàdàn.