Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Houston, lórí rọ́tà tí a fẹ́ rà sílé Màmá

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ ní kíkí ilé wa: òkun o. Mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ara Màmá rẹ le, wọ́n sì ní kí n jẹ́ kí o mọ̀ pé àwọn ti jẹ iṣu tuntun, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní o ti rí rọ́tà kan ní ṣọ́ọ̀bù, pé ó lágbára púpọ̀, àti pé ẹni tó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀ lè bá ọ gbé e wá, kí gbogbo ará ilé Màmá lè máa rí íntánẹ́ẹ̀tì lò láìjà. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì sanwó rẹ̀. Rọ́tà náà lè dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá ilé tí a fẹ́ gbé e sí mu, n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọ bí ó ti yé mi.

Lọ́dọ̀ yín, wáyà ni íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń bá wọlé. Iṣẹ́ rọ́tà kò ju pé kí ó gba ohun tó ti inú wáyà wá, kí ó sì pín in káàkiri ilé. Ní àdúgbò Màmá, kò sí irú wáyà bẹ́ẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni a ti ń gbà á, láti ara òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gẹ́gẹ́ bí fóònù ti ń gbà á. Nítorí náà, rọ́tà tí kò bá ní ojú síìmù kò ní ohun tí yóò pín fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá tilẹ̀ rí èyí tó ní ojú síìmù níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà sábà máa ń ti èyí tí wọ́n bá tà pa mọ́ síìmù tiwọn, àwọn ìgbì tí wọ́n fi ń gbé 4G lọ́hùn-ún kò sì bá tiwa dọ́gba tán. Púpọ̀ nínú 4G ti Nàìjíríà wà lórí ìgbì 800, 1800 àti 2600 megahertz. Rọ́tà tí kò bá gbọ́ ìgbì tí òpó tó sún mọ́ ilé Màmá ń sọ, yóò kàn máa tan iná pupa ni. Iná yín pẹ̀lú jẹ́ fóltì 120, tiwa jẹ́ 230, nítorí náà bí kò bá sí àkọlé 100 sí 240 lára ádápítọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí a bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò jóná.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ju ìyára lọ ni iye èrò inú ilé. Èmi fúnra mi kò mọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ ra MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ àpò yẹn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì fi dé láti wá máa kàwé lọ́dọ̀ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi fẹ́ bá àbúrò mi obìnrin sọ̀rọ̀ lórí fídíò, fóònù wọn sì kọ̀ jálẹ̀ láti wọ inú Wi-Fi. Mo pa MiFi náà, mo tún un tàn, mo gbé e sójú fèrèsé, mo ra dátà kún dátà, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ìyá mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè tuntun tí wọ́n wé nítorí ìpè náà. Lẹ́yìn bí wákàtí kan, àkọ́bí mi mú fóònù rẹ̀ dání, ó ń lọ sí ibi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Kò tíì rìn dé ojú títì tí fóònù ìyá mi fi wọlé fúnra rẹ̀. Mo lọ wá páálí MiFi náà jáde lábẹ́ ibùsùn, mo sì rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí ní lẹ́tà wínníwínní pé ẹ̀rọ 10 ló lè gbà. Fóònù ìyá mi ni ìkọkànlá. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ra ohunkóhun tó jẹ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ ka ẹ̀rọ inú ilé.

Mo ti ka ti ilé Màmá fún ọ. Fóònù mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, nítorí pé àbúrò rẹ tó ń ránṣọ ní ọ̀kan ọ̀tọ̀ tó fi ń gba iṣẹ́ lórí WhatsApp. Kọ̀ǹpútà alágbèéká jẹ́ mẹ́ta, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tí o rà. Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àlejò kankan tó wọlé, ìwọ náà sì mọ̀ pé ilé Màmá kì í ṣàìní àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú rọ́tà onísíìmù tí a ń gbé kalẹ̀ sínú ilé ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó gba ẹ̀rọ 32. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀rọ wọlé, ọ̀tọ̀ ni kí gbogbo wọn máa ṣiṣẹ́ papọ̀, nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí ààyè tó ìlọ́po méjì ohun tí a ní. Níbí ni Wi-Fi 6, ìyẹn Wi-Fi ìran kẹfà, tó wà lára rọ́tà tí o rí ti wúlò ní tòótọ́. Bí ẹ̀rọ bá pọ̀, ti àtijọ́ a máa mú kí wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, ṣùgbọ́n Wi-Fi 6 lè pín ojú ọ̀nà kan sí wẹ́wẹ́, kí ó sì dá ẹ̀rọ bíi mélòó kan lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá rí rọ́tà 4G tó ní Wi-Fi 6, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, òun ni mo fẹ́.

Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n ń kọ sára páálí kò yẹ kí ó tàn ọ́. Bí wọ́n bá kọ AC1200, wọ́n ro mẹ́gábíìtì 300 ti ìgbì 2.4 gigahertz pọ̀ mọ́ 867 ti ìgbì 5 gigahertz ni, wọ́n sì sọ ọ́ di 1200, bẹ́ẹ̀ kò sí fóònù kan tó lè lo méjèèjì papọ̀ bẹ́ẹ̀. Apá tó ń bá òpó sọ̀rọ̀ ni kí a wò: èyí tí wọ́n bá kọ Cat 4 sí lára kò lè gbà ju mẹ́gábíìtì 150 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Cat 6 sì lè gba 300. Ìpè fídíò kan kì í sábà ju mẹ́gábíìtì 2 tàbí 3 lọ. Ohun tó ń já ìpè àwa àti ìwọ kì í ṣe àìyára rọ́tà.

Iná ni. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù níbí, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ, àkókò yìí gan-an ni iná sì sábà máa ń lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, kí rọ́tà tó jí, kí ó tó rí òpó, ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún, Màmá á sì ti rò pé ìwọ lo pa fóònù. Èyí máa ń dùn mí púpọ̀, nítorí wọn kì í fẹ́ tún pè, kí wọ́n má baà dí ọ lọ́wọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, bí owó kò bá tó ohun méjì, kí a fi owó tí ìwọ ìbá fi ra rọ́tà olówó ńlá ra èyí tí kò wọ́n jù, kí a sì fi ìyókù ra bátìrì kékeré tí wọ́n ń pè ní mini UPS. Àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti rọ́tà ló máa ń wà. Bí iná bá lọ, rọ́tà kò tilẹ̀ ní mọ̀. Èyí tó ní wáàtì-wákàtí 37 lè gbé rọ́tà tó ń jẹ wáàtì 8 fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, tàbí kí ó dín díẹ̀. A gbọ́dọ̀ rí i pé fóltì méjèèjì bára mu, nítorí ti rọ́tà mìíràn jẹ́ 12, ti òmíràn jẹ́ 9 tàbí 5. O tún béèrè nípa Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara sátẹ́láìtì wá. Lóòótọ́ ni wọ́n ti dé Nàìjíríà láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ó sì yára, ṣùgbọ́n àwo orí òrùlé rẹ̀ ń jẹ iná ju rọ́tà kékeré lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bátìrì yìí kò sì lè gbé e.

Ibi tí a ó gbé rọ́tà sí kò rọrùn láti mú nínú ilé yẹn. Bàbá fi amọ̀ mọ ògiri rẹ̀ kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó sì nípọn gan-an. Ìgbì 5 gigahertz yára, ṣùgbọ́n irú ògiri bẹ́ẹ̀ kan péré ti tó láti sọ ọ́ di aláìlera, 2.4 kò yára tó o, àmọ́ ó ń la ògiri kọjá jù ú lọ. Rọ́tà gbọ́dọ̀ ní méjèèjì. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, lókè lára ògiri, ni ó ti lè dé gbogbo yàrá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kan náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ìta kì í ti dé dáadáa, nígbà tí yàrá iwájú tó kọjú sí òpó ń gbà á ketekete. Bí ọ̀rọ̀ bá le, a ó fi rọ́tà síwájú, a ó sì fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat 5e láti ara rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ kejì tí yóò máa pín Wi-Fi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè dé mítà 100, ilé náà kò sì gùn tó ìdajì rẹ̀.

Lọ́wọ́ ọlọ́jà, ohun mẹ́ta ni n ó béèrè: pé kí ó jẹ́ kí n fi síìmù tèmi wò ó, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n tì í pa mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, pé kí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí irú rẹ̀, àti pé kí ó tàn án fún ìdajì wákàtí, kí n sì gbé ọwọ́ lé e. Èyí tó bá gbóná bí áyọ́ọ̀nù nínú ṣọ́ọ̀bù kò ní lè fara da ooru oṣù Kẹta ní Kàbà. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá bá a wá, ọjọ́ náà gan-an ni n ó yí i padà, n ó sì ya Wi-Fi àwọn àlejò sọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, n ó mú síìmù mẹ́ta ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sílé Màmá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo ìlú bá ń lo dátà, n ó sì fi fóònù kan náà wo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá iwájú àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó bá dúró jù nínú wọn ni a ó ra rọ́tà fún. Kí o má fi owó ránṣẹ́ títí o ó fi gbọ́ èsì rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni n ó ti pè ọ́ lórí fídíò, Màmá yóò sì jókòó tì mí.

Èmi ni tìrẹ ní tòótọ́,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Kàbà.