Lẹ́tà Ìparí Sáà sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Àṣetiléwá

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

A kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa parí sáà kejì yìí láyọ̀. Káàdì èsì ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. A kọ ọjọ́ ìwọlé sí ẹ̀yìn káàdì náà. Àwọn tó ń múra WAEC àti BECE yóò máa wá ka ìwé lásìkò ìsinmi. Ẹgbẹ́ ìwé kíkà wa ń gbèrú gidigidi: àwọn ọmọ JSS1 tí kò lè ka ojú ewé kan já nígbà tí wọ́n wọlé ti ń ka ìtàn Yorùbá sí etí gbogbo ilé-ìwé láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Orí mi wú.

Nípàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá, àwọn kan fi ìbínú sọ pé a ti dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu wa. Ìwé ọmọ mẹ́ta la rí tí ìdáhùn ìṣirò wọn dọ́gba, tí àṣìṣe wọn dọ́gba, tí ìkọ̀wé wọn sì jẹ́ ti àgbàlagbà kan náà. Tíṣà lẹ́sìn, olùkọ́ àdáni tó ń kọ́ wọn lẹ́yìn ilé-ìwé, ló ṣe é. Nígbà tí a pe àwọn ọmọ síwájú pátákó, wọn ò mọ ibi tí nọ́ńbà ti wá. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe mọ ohun tó yẹ kó tún kọ́ wọn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Harris Cooper ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, tó yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò ní 2006, rí i pé ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń jàǹfààní iṣẹ́ àṣetiléwá ju ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìwọ̀n tó fara mọ́ kò ju ìṣẹ́jú 10 fún ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, bí a bá kà á láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní: ìṣẹ́jú 70 fún JSS1, 120 fún SS3, gbogbo iṣẹ́ alẹ́ kan lápapọ̀. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ pa àtẹ dé ní Ọjà Ọba nírọ̀lẹ́, tó sì délé bá òkùnkùn, níbo ni yóò ti rí àyè fún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Láti sáà tó ń bọ̀, iṣẹ́ ìṣirò kò ní ju ìbéèrè márùn-ún lọ, lórí ohun tí a ti kọ́ ní kíláàsì. Olùkọ́ yóò máàkì í, yóò sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ tí ọwọ́ àgbàlagbà bá ṣe, òdo ni. Ọmọ yóò tún un ṣe lójú olùkọ́. Èyí kò ní yí padà.

Ẹ bá wa gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ẹ wá àyè fún un, kí ẹ sì ní kó ṣàlàyé ohun tó ṣe fún yín, ì báà jẹ́ ní èdè Àkúrẹ́. Bí kò bá yé e, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò yé e. Ẹ má bá a ṣe é.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ẹ̀kọ́, Àkúrẹ́