Àṣàkẹ́, ìwé ìgbélùú rẹ ńkọ́?

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ ti ń fúyẹ́, ewúrẹ́ bímọ mẹ́ta, ọ̀kan kú. Òrùlé pẹrẹsẹ tí o ní ká fi bo yàrá ẹ̀yìnkùlé ti ń jò. O ní bẹ́ẹ̀ ni akítẹ́ẹ̀tì Le Corbusier ṣe ti ilé Villa Savoye ní Poissy, nílẹ̀ Faransé. O ò sọ fún mi pé ìyàwó onílé yẹn kọ lẹ́tà títí nítorí òjò tó ń jò sínú ilé. Ìyẹn kọ́ ni mo ṣe mú bírò.

Wọ́n ní o ti fi iléèwé sílẹ̀. Ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní Leipzig ló sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì pín in kárí àdúgbò kó tó kàn mí. Wọ́n ní aṣọ lò ń hun ní Dessau ní Jámánì níbẹ̀, pé o ò ya ilé mọ́. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, o gé e. Èmi bàbá rẹ?

Bó bá jẹ́ irọ́, sọ, kí n lè lọ bá obìnrin yẹn. Bó bá jẹ́ òótọ́, ìwé ìgbélùú rẹ ńkọ́? Ṣebí torí iléèwé ni wọ́n ṣe fún ọ?

Mo mọ ohun tí o máa fi dá mi lóhùn. O ti sọ ọ́ rí, pé akítẹ́ẹ̀tì Gropius, tó dá Bauhaus, iléèwé iṣẹ́ ọnà àti ilé yíyà, sílẹ̀ ní Weimar lọ́dún 1919, kò gba ìwé ẹ̀rí, kò tiẹ̀ mọ àwòrán yà, àwọn ẹlòmíràn ló ń yà á fún un. Pé ọmọ agbẹ́kùúta ni akítẹ́ẹ̀tì Mies van der Rohe, kò dé yunifásítì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹbí Gropius ni Martin Gropius, akítẹ́ẹ̀tì ńlá ní Berlin. Ọ̀dọ̀ Peter Behrens, tó ya ilé iṣẹ́ AEG, ilé-iṣẹ́ oníná mànàmáná, lọ́dún 1909, lòun àti Mies ti ṣiṣẹ́. Ta ni ẹbí tìrẹ níbẹ̀? Ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n níwèé.

Máa jẹun o. O ti rù nínú fọ́tò yẹn.

Gunta Stölzl tí o máa ń dárúkọ ńkọ́, ọ̀gá ilé ìhunṣọ ní Bauhaus? Lọ́dún 1929 ó fẹ́ Arieh Sharon, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, ìwé ọmọ Jámánì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1931, wọ́n ti fínná mọ́ ọn títí ó fi kúrò níṣẹ́, ó sì gba Switzerland lọ. Ọmọ onílùú nìyẹn o. Ìwọ àlejò ńkọ́?

Sharon yìí kan náà ló ya Yunifásítì Ifẹ̀, èmi sì po kọnkéré níbẹ̀. Ṣé o rántí ilé Humanities tí mo mú ọ lọ wò, bí àjà òkè ṣe yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí oòrùn àti òjò má bàa bá àwọn tó wà nísàlẹ̀? Bauhaus, nígbà tó wà ní Dessau, ló ti kọ́ṣẹ́, àmọ́ ó mọ̀ pé ògiri onídígí bíi tibẹ̀ máa sè wá bí ẹ̀wà. Fọ́máànù kan ní kí n máa dúró lẹ́yìn iṣẹ́, kóun kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka pílánù. Ófàtáìmù ni mo lọ ṣe. Títí dòní mi ò lè kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní dandan, ìwọ lo máa kà á.

Ìyá àgbà fẹ́ kọ́ ọ lófì, ìwọ náà fẹ́, èmi ni mo ní kó gbé òfì kúrò níwájú rẹ. Gropius ń kó àwọn obìnrin tó wá sí Bauhaus lọ sílé ìhunṣọ, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀. Èmi fà ọ́ kúrò nídìí òfì wá sídìí pílánù. Kò sẹ́ni tó bi yín léèrè nínú àwa méjèèjì.

Má rò pé mo ti gbà o! Orí rẹ le jù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aṣọ ni, lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjèjì, béèrè bóyá wọ́n lè yí ìwé náà sí ti ẹ̀kọ́ aṣọ híhun kí ti ọwọ́ rẹ tó parí. Má fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi ṣe ìyẹn.

Pè mí. Bójú bá ń tì ọ́, pe ẹ̀gbọ́n rẹ, kó o ṣáà sọ ọjọ́ tí ìwé yẹn máa parí fún un.

Bàbá rẹ