Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé Honestman

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, òǹkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Honestman, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n dolóògbé ní February 2018, ẹni ọdún 78. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ Saworoidẹ bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ni wọ́n máa pè, bẹ́ẹ̀ Kèlání ló ṣe fíìmù ẹ̀, Bàbá ló kọ ọ́. Ìró àti bùbá olekú táwọn sisí ń wọ̀ ńkọ́, ṣebí inú ìwé ìtàn Bàbá, Ó Le Kú, lorúkọ ẹ̀ ti wá! Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Faransé ni Bàbá kà ní Yunifásítì Ìbàdàn o, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ ìwé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kó tó di pé wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn ní Yorùbá n'Ífẹ̀. Lónìí, àwa òbí ló ń pariwo mọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nílé (èmi náà jẹ̀bi, mi ò ní purọ́). Ẹ dákun, tí February bá tún dé, ẹ bá wa gbé fọ́tò Bàbá síwájú ìwé ìròyìn yín, kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín n'Íbàdàn