Ẹ wo géèjì kí ẹ tó fẹsẹ̀ ta máṣíìnì

Sí Olóòtú,

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan ti máṣíìnì rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gba inú àgbàrá kọjá, ẹ́ńjìnnì kú, ó wá ń fẹsẹ̀ ta á kó lè ṣiṣẹ́ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Nígbà tí mo tú géèjì, irin tí a fi ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, omi ti wọ inú ọ́ìlì, ó ti funfun, ó ki bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Bíárìn inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Kò tíì san owó máṣíìnì náà tán. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, bí omi bá bo máṣíìnì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta á. Ẹ wo ọ́ìlì ná. Bó bá rú yín lójú, ẹ kán díẹ̀ sórí irin gbígbóná: bó bá ń ta ṣàṣà, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ dà á nù, ẹ fi ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú ṣan inú rẹ̀, ẹ tún dà á nù títí yóò fi mọ́, kí ẹ tó rọ ojúlówó sí i.

Kì í ṣe àgbàrá nìkan. Àwọn tó ń fọ máṣíìnì máa ń fi omi alágbára dojú kọ ìdí géèjì àti ọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yẹra fún ibẹ̀. Rọ́bà ìdí géèjì tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀; owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Mẹkáníìkì kan,
Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta.