Má tíì fín fáníìṣì yẹn, Káyọ̀dé

Leeds,
Ọjọ́ 9, oṣù Keje.

Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin táńkì Sherman kékeré tó o kàn, tó o fi ránṣẹ́, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kí n tó béèrè ìyàwó, kí n tó béèrè àwọn ọmọ, mo bẹ̀ ẹ́, gbé ìgò fáníìṣì yẹn sílẹ̀ ná. O ní Sátidé tó ń bọ̀ lo fẹ́ fín in. Oṣù Keje la wà yìí, mo sì mọ bí òjò Ìbàdàn ṣe máa ń rọ̀ lóṣù Keje. Má fín in lọ́jọ́ òjò.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wú mi lórí gan-an. Mo sọ fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ di ńlá títí mo fi rí okùn tó o fi di ẹrù mọ́ ọn. Táńkì ogun Sherman tó gùn tó bíi mítà mẹ́fà, tó wá di sẹ̀ǹtímítà 17 lórí tábìlì rẹ, síbẹ̀ orí bóòtù kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀. Mo rántí mọ́tò tá a máa ń fi agolo mílíìkì ṣe, tá a ń gé sálúbàtà tó ti já fún táyà. Tìẹ nìkan ni táyà rẹ̀ máa ń yí tí kì í wọ́ nílẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ni mo rí nínú fọ́tò yìí, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo bà á jẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lóṣù Kọkànlá èṣí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ nígbà náà, ó dùn mí jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi ṣe Sherman tèmi, ó wá ku fáníìṣì aláìdán nìkan, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ máa dán. Ìrì ti ń sẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òtútù sì mú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ parí rẹ̀ kí n tó sùn. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo mú fáníìṣì alágolo, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí, mo fín in yí ká. Nínú òkùnkùn yẹn, kò sí ohun tó ṣe é. Mo gbé e wọlé, mo tan iná, ni mo bá rí i tí funfun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú àwọn kòtò ara rẹ̀: létí ìdérí ibi tí awakọ̀ ń gbà wọlé, lábẹ́ ìbọn, láàárín àwọn irin tó bo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọ̀ ewé tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta pò ti dà bí ohun tí wọ́n fi ẹfun kùn. Mo jókòó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi bi mí bóyá ìròyìn burúkú ló dé láti ilé.

Ohun tó fà á nìyí. Bí fáníìṣì alágolo bá ń gbẹ, tínà inú rẹ̀ ló ń fò lọ, bó sì ṣe ń fò lọ, ó ń mú ojú ibi tó wà tutù. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, omi á sẹ̀ sórí fáníìṣì tí kò tíì gbẹ, á sì há síbẹ̀. Bi àwọn tó ń fín ọ̀dà mọ́tò ládùúgbò yín, wọ́n á sọ fún ẹ pé ojú àwọn náà ti rí i.

Tínà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi nù ún. Ọlọ́run ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ ì bá bá a lọ. Mo fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì títí afẹ́fẹ́ fi gbẹ, mo wá fín fáníìṣì dídán fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí. Káyọ̀dé, ojú mi báyìí ni funfun yẹn ṣe pòórá, bí ìgbà tó o bá da omi sórí òkúta odò tó ti gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ padà yọ. Fáníìṣì dídán náà ló wọ inú àwọn ihò tóótòòtó tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ó sì dí wọn. Nígbà tó gbẹ tán, mo tún fín aláìdán lé e. Kò lọ tán pátápátá o. Funfun díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìbọn títí dòní, ibẹ̀ ni ojú mi sì kọ́kọ́ máa ń lọ.

Tìẹ kì í ṣe alágolo. Ìgò méjì tí mo fi rán ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ, fáníìṣì olómi ni wọ́n, èyí tí wọ́n fi omi pò dípò tínà. Ewu tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀, wọn kì í tètè gbẹ, wọ́n á ṣàn jọ sínú kòtò, ìyẹ̀fun tó ń pa dídán á sùn síbẹ̀, ibẹ̀ á sì funfun. Gbé ìgò aláìdán yẹn sókè sí ìmọ́lẹ̀, wàá rí ìyẹ̀fun náà nísàlẹ̀. Fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ rò ó títí ìsàlẹ̀ ìgò á fi mọ́. Má fi ìkánjú gbọ̀n ọ́n, kó má bàa hó.

Èyí tó ń dán ni kó o kọ́kọ́ fín, kó o tó lẹ ìràwọ̀ funfun, àmì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀, mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé á yà ẹ́ lẹ́nu, níwọ̀n ìgbà tá ò fẹ́ kí ọkọ̀ ogun dán. Ọ̀dà rẹ báyìí rí ṣákaṣàka, bó o tilẹ̀ fọwọ́ pa á tí o kò mọ̀ ọ́n. Tó o bá lẹ ìràwọ̀ náà lé e bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á sì máa kọ mànà bíi fàdákà nígbàkigbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Fáníìṣì dídán á mú ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ìràwọ̀ á lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí ẹni pé wọ́n kùn ún síbẹ̀ ni. Tún fín dídán díẹ̀ lé ìràwọ̀ náà, kó o wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn lo lè fi ọ̀dà dúdú olóròóró tó o fi white spirit, tínà ọ̀dà olóròóró, là wọ inú àwọn kòtò, kó o sì nu èyí tó bá kọjá àyè rẹ̀ kúrò. Fáníìṣì olómi tó ti gbẹ dénú kì í bá white spirit lọ. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni aláìdán.

Fín in fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó o sì fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín. Ibi tó ṣófo ni kí ọwọ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó kọjá lórí ọkọ̀, kó tún dúró síbi tó ṣófo. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ gan-an, ẹ̀kán ńlá tó máa ń kọ́kọ́ jáde á bọ́ sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ airbrush, ohun èlò tó ń fi afẹ́fẹ́ fín àwọ̀, tí ìyàwó rẹ fi ń kùn kéèkì ńkọ́? Má yá a, jọ̀ọ́. Fáníìṣì tó bá ti gba inú rẹ̀ kọjá kò ṣeé fọ̀ tán, oúnjẹ àwọn ènìyàn sì ni wọ́n tún máa fi ṣe. Ra tìẹ, ì báà ṣe èyí tó kéré jù. Tówó ò bá tíì sí, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó fẹ̀ á ṣe é, tó o bá fà á fẹ́ẹ́rẹ́ tí o kò sì padà sórí ibi tó ti ń gbẹ. Má gbàgbé ìbòmú, kó o sì ṣí fèrèsé.

Ní ti ojú ọjọ́, wá ọjọ́ tí òjò ti dá fún bí ọjọ́ méjì, kó o fín in nígbà tí oòrùn bá ti là dáadáa. Èmi ì bá dúró di oṣù Kọkànlá. Tí ọyẹ́ bá wá dé, eruku ló kù tó o máa bá jà: wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì fi páálí bàtà bo ọkọ̀ náà títí á fi gbẹ.

Iná iwájú rẹ̀, fi téèpù bò ó kó o tó fín, torí dígí aláìdán kò jọ dígí. Ibi tí wọ́n ti ń rọ epo sí i, fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín to dídán díẹ̀ sí i lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀nba dídán yẹn lójú ibi tó gbẹ táútáú, òun ló máa ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo sí i ni.

O ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò Bàbá lo fẹ́ gbé e sí, fọ́tò tí wọ́n yà kí wọ́n tó lọ sógun Bọ́mà. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irú ọkọ̀ tí wọ́n bá rìn nìyí. 81st West African Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni Bàbá wà, àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ni wọ́n sì gbà ní 1944. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà jeep wọ ibẹ̀. Ibi tí ọ̀nà yẹn parí sí, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè. Sherman tó o kàn yìí, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Meiktila, ní àárín Bọ́mà, ni irú rẹ̀ ti jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, ilẹ̀ gbígbẹ, eléruku. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ aláìdán nìyẹn. Mo ń wá sójà kékeré tó gbé ẹrù karí fún ẹ. Tí mi ò bá rí i rà, màá gbìyànjú láti gbẹ́ ẹ fúnra mi, kó lè dúró síwájú fọ́tò Bàbá gan-an.

Kùn ṣíbí ike kan ní àwọ̀ ọkọ̀ yẹn, fín fáníìṣì sí i bí mo ṣe sọ, kó o ya fọ́tò rẹ̀ fún mi lójú oòrùn kó o tó fọwọ́ kan Sherman. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, sọ fún wọn pé èlùbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti dé, a sì ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Dàpọ̀