Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí ẹ́ńjìnnì Corolla mi: ó ti tó gẹ́ẹ́

Sí Mánijà Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ mi, nọ́ńbà mọ́tò mi àti gbogbo owó tí mo san ló wà lọ́wọ́ yín, mi ò ní tún wọn kà, ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè lẹ máa ń ní kí n bẹ̀rẹ̀ àlàyé látòkè, ẹni tó gbé fóònù lónìí ò mọ ohun tẹ́ni àná sọ, ẹni àná sì ti ní kí n dúró de ẹlòmíì.

Ẹ̀yin lẹ tú ẹ́ńjìnnì mi palẹ̀, ẹ pààrọ̀ ríǹgì, ẹ tò ó padà, ẹ gbowó. Látìgbà tí mo ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín ni kò ti lágbára mọ́, tó bá dúró sójú kan á máa gbọ̀n, tí mo bá kó kúlà oúnjẹ sẹ́yìn tí mo fẹ́ gun bíríìjì, á máa mí hẹlẹ, iná check engine ò sì kú. Kódù tí mẹ́síìnì yín fúnra ẹ̀ gbé jáde ni P0016, pé crankshaft, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, àti camshaft, ọ̀pá tó ń yí lókè, ò bára wọn mu. Ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, ibo ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò? Ṣebí ibi tọ́wọ́ yín kàn gbẹ̀yìn ni, ìyẹn ṣéènì táímìn tó so méjèèjì pọ̀. Ẹ ò wò ó. Ẹ ní sẹ́ńsọ̀ ni, mo ra sẹ́ńsọ̀, iná ò kú. Ẹ ní ọ́ìlì tí mo lò ni, ẹ tún ní fáàfù VVT ni, èyí tó ń darí ọ́ìlì tó ń yí àsìkò camshaft padà, mo ra ìyẹn náà, iná ò kú, owó mi ló ń kú.

Èyí tó wá dùn mí wọra ni ti ọmọkùnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́ tí mo sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí iwájú ẹ́ńjìnnì yìí kẹ́ ẹ wò ó bóyá ṣéènì yẹn wọ eyín tó yẹ. Ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín ní ṣéènì? Ẹ gbájú mọ́ ìrẹsì yín jàre, ẹ fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ fáwọn tó mọ̀ ọ́n." Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló pa fóònù mọ́ mi létí. Ọmọ tí mo lè bí! Ìrẹsì tó fi bú mi yẹn ni mo tà tí mo fi san owó iṣẹ́ yín.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá súpáfáísọ̀ yín, ó bẹ̀ mí, ó ní òun fúnra òun máa rán ọkọ̀ tó máa wọ́ mọ́tò wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n má jáde. Mi ò jáde lóòótọ́. Mo gbé òde ìkómọ tí wọ́n pè mí sí fún ẹlòmíì, mo jókòó sẹ́nu géètì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sọ́kọ̀, kò sí ìpè. Mo kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp, ó kà á, àmì búlúù méjèèjì hàn, títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí kò fèsì.

Ni mo bá pe mẹkáníìkì àdúgbò wa kó wá wò ó níṣojú mi. Ó ṣí kọ́fà orí ẹ́ńjìnnì, ó fi sípánà yí i díẹ̀díẹ̀ títí àmì ara pulley ìsàlẹ̀, tó wà lẹ́nu crankshaft, fi wọ 0, ó wá ní kí n bẹjú wo òkè. Àmì ara gíà camshaft méjèèjì yẹ kó kọjú síra wọn gbọọrọ lórí ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà níbẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ VVT ti fi eyín kan sá sẹ́yìn. Ó tún yí crankshaft ní odidi ìyípo méjì, torí ìyípo méjì nísàlẹ̀ ni camshaft fi ń yí ẹ̀ẹ̀kan lókè, ibi kan náà ló tún bọ́ sí. Mo ya fídíò ẹ̀. Ó ní ṣéènì yẹn ní àwọn ìso tí wọ́n kùn tí wọ́n fi ń bá àmì gíà mu, ó ní tensioner náà ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń há a kí wọ́n tó dè é, tí wọ́n á sì tú tí wọ́n bá dè é tán kó lè na ṣéènì le, lẹ́yìn náà wọ́n á fọwọ́ yí gbogbo ẹ̀, wọ́n á tún àmì wò, kí wọ́n tó dé e. Ká ní ẹnì kan nínú yín fara balẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìjọ̀gbọ̀n yìí ò ní ṣẹlẹ̀ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ wá wọ́ mọ́tò yẹn lówó ara yín, ẹ ṣí iwájú ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé ṣéènì sí bó ṣe yẹ níṣojú èmi àti mẹkáníìkì mi, ẹ fọwọ́ yí i kí n fojú ara mi rí àmì kẹ́ ẹ tó dé e, ẹ ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹ dá owó sẹ́ńsọ̀ àti fáàfù VVT padà, torí àwọn tẹ́ ẹ yọ ò bàjẹ́. Kí ọmọkùnrin yẹn pè mí kó tọrọ àforíjì. Súpáfáísọ̀ yín ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ mi mọ́, mi ò sì gba ìlérí ẹnu mọ́, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá sílẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i.

Mo fún yín di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, mò ń lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, òfin 2018 tó dá wọn sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó yanjú. Látibẹ̀ ó di Small Claims Court l'Ẹ́kọ̀ọ́ níbí, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí ò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tèmi ò sì tó bẹ́ẹ̀. Rìsíìtì mi pé, fídíò mi wà, ohun tí mo kọ sí súpáfáísọ̀ yín tó kà tí kò fèsì wà níbẹ̀. Gbogbo oníbàárà mi tó ní mọ́tò ló máa rí fídíò yẹn pẹ̀lú.

Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín. Èmi ò ní pè yín mọ́, ẹ̀yin lẹ máa pè.

Èmi ni,
Oníkátárìn tó ni Corolla